Ta Ni Òmùgọ̀ Nínú Wa?

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bínú sí mi, nítorí kí a tó dé ìdí ọ̀rọ̀ náà, ẹ óò rí i pé èmi fúnra mi wà nínú rẹ̀ dé ọrùn.

Ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Mowe, a ní ìjókòó kan lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí àwa olùkọ́ máa ń péjọ sí nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde fún ìsinmi ráńpẹ́. Ibẹ̀ ni kóòtù wa. Kò sí ẹni tí a kì í dá lẹ́jọ́ níbẹ̀: gómìnà, ọ̀gá wa, òbí tí kò ra ìwé fún ọmọ, awakọ̀ tí ó yà bàrá lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti olùkọ́ tí kò bá sí lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà. A kì í pe ẹlẹ́rìí. A kì í gbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ti dá ẹjọ́ mẹ́rin, agogo a sì lù.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ẹjọ́ ńlá kan dé iwájú kóòtù yìí. Ẹ kò ní tíì gbàgbé CBEX. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí ó ní làákàyè ni yóò máa bá ènìyàn fi owó rẹ̀ ṣòwò, àti pé owó tí ènìyàn bá fi síbẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan. Nígbà tí ó di àárín oṣù kẹrin, àwọn ènìyàn fẹ́ gba owó wọn, owó kò jáde. Ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn, inú bí àwọn kan, wọ́n ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n sì ń gbé àga àti ẹ̀rọ amúlétutù lọ. Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé wọ́n tún ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ kọ́kọ́ san 100 dọ́là, kí ó lè dá wọn lójú pé òun ni òun. Ẹni tí owó rẹ̀ bá lé ní 1,000 dọ́là, 200 ni kí ó san.

Ọ̀kan nínú wa wà níbẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀, òun náà sì mọ̀ pé mo ń kọ èyí. Ifọ̀ ni ìdílé rẹ̀ wà, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ta gaàrí àti ẹ̀wà lọ́jà. Òun a máa wá sí Mowe ní ọjọ́ Ajé, a sì padà sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, ó fi owó ọjà ìyàwó rẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ sì wọ omi.

Ìbá ṣe pé ẹ wà lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ náà! "Tíṣà ìṣirò! Ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò!" Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ni mo mú ṣọ́ọ̀kì, tí mo ṣe ìṣirò náà sára ògiri: bí 100,000 náírà bá ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, nígbà tí ọdún kan bá pé, yóò di 409,600,000 náírà. Mo ní, "Ọmọ Pirámárì Márùn-ún ni ó yẹ kí ó rí èyí!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní orí mi pé. Inú mi dùn.

Mo ti ronú sí dídùn inú yẹn láti ìgbà náà, n kò sì fẹ́ràn ohun tí mo rí nínú rẹ̀. Nítorí pé ní oṣù kejì ọdún yẹn gan-an, lábẹ́ igi kan náà, ọkùnrin yìí ni ọlọ́gbọ́n wa. Ó ti gba owó jáde lẹ́ẹ̀mejì nígbà náà. Ó fi ra páànù tuntun sórí ilé rẹ̀, ó sì ra ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo wa, a mu ún, a ní, "Ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń lo orí rẹ̀!" Ẹnì kan tilẹ̀ ní àfàìmọ̀ ni ìyá rẹ̀ kì í ṣe ará Ìjẹ̀bú.

Ọkùnrin kan náà, fóònù kan náà, òwò kan náà. Ní oṣù kejì, ọlọ́gbọ́n; ní oṣù kẹrin, òmùgọ̀. Kí ni ó ṣe ní oṣù kẹrin tí kò ṣe ní oṣù kejì? Kò sí. Bí olè kò bá tíì wọlé, ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ ni à ń pè ní ọlọ́yàyà.

Ohun kejì burú ju èyí lọ. Ìdí tí èmi kò fi sí nínú CBEX kì í ṣe ọgbọ́n. N kò ní owó ni. Mo ti bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó ti fi hàn mí, mo ti fi orúkọ mi sílẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n owó tèmi ti wọ ilẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, wíwọ ilẹ̀ gidi, gẹ́gẹ́ bí ẹ óò ti gbọ́ láìpẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé a kò gbọ́ ìkìlọ̀ rí. Ọdún 2016 ni MMM ti ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan, Sergei Mavrodi, gba ìlú wa kan. Wọ́n ń ṣèlérí èrè 30 lórí 100 lóṣooṣù. Ọkùnrin yìí ti ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ó sì wó mọ́ àwọn ènìyàn lórí ní ọdún 1994. Kóòtù ibẹ̀ dá a lẹ́bi ní ọdún 2007. Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa kìlọ̀, etí wa di. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ méjìlá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àjọ NDIC sọ lẹ́yìn náà pé nǹkan bí mílíọ̀nù 3 ọmọ Nàìjíríà ni ó pàdánù bílíọ̀nù 18 náírà. Àwámáàrídìí kan kò sì sí nínú òwò náà: owó ẹni tí ó dé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san fún ẹni tí ó dé ṣáájú. Nígbà tí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn bá tán, owó tán.

Ìyá àgbà kan ń bẹ ní Ibafo tí ó ń ta iṣu létí títì. Kò mọ A yàtọ̀ sí B. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wá gba owó MMM lọ́wọ́ rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi í: "Kí ni wọ́n ń tà?" Ọmọ ṣàlàyé títí, ó ní owó ni ó ń bí owó. Ìyá ní, "Mo gbọ́. Kí ni wọ́n ń tà?" Kò rí èsì, kò sì fún un ní kọ́bọ̀. Ìbá dùn mọ́ mi kí n fi ìyá yìí ṣe adájọ́ àgbà lórí gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ìyá kan náà ni ó ń ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tí ń polówó nínú bọ́ọ̀sì, ìgò kan ṣoṣo fún ẹsẹ̀ ríro, ojú dídùn, jẹ̀díjẹ̀dí àti àìrọ́mọbí. Ẹni ọdún 74 ni ìyá náà.

Bí ẹ bá sì rò pé ìwé ni yóò gba ènìyàn, ẹ rántí Isaac Newton, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì tí à ń kọ́ àwọn ọmọ wa nípa rẹ̀, tí ó ṣàlàyé agbára tí ń fa nǹkan wálẹ̀. Ní ọdún 1720, ó ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ South Sea ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó tà á, ó jèrè. Nígbà tí ó rí i pé àwọn ẹlòmíràn ṣì ń jèrè, ara rẹ̀ kò gbà á, ó padà sínú rẹ̀ nígbà tí ìpín náà ti wọ́n gógó. Ọjà wó. Wọ́n ní owó tí ó bá a lọ tó 20,000 pọ́un. Ọkùnrin tí ó mọ̀ ju gbogbo ayé lọ pé ohun tí ó gòkè ń bọ̀ wá sílẹ̀!

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mi. Ẹ̀yin ará Mowe àti Ibafo mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti rí ní ọ̀dọ̀ wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ ní ọdún 1978 ni àwọn tí owó ilé Èkó ti ni lára ti ń ṣí wá díẹ̀díẹ̀, títí oko fi di ìlú. Ọdún 1978 yẹn kan náà ni Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde, tí ó fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Èmi ni mo máa ń ṣàlàyé òfin yìí fún àwọn ènìyàn. Èmi ni mo máa ń sọ pé, "Ẹ má ra ilẹ̀ láìgbé ìwé sọ́fè rẹ̀ lọ sí Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀, tàbí bóyá ẹlòmíràn ti ní in."

Ní ọdún 2019, èmi náà rí ìdajì pulọ́ọ̀tì kan rà. Ọkùnrin tí ó tà á fún mi ṣí fìlà nígbà tí ó gbọ́ pé tíṣà ni mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìwé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin alákọ̀wé! Àwọn tí kò mọ nǹkan ni à ń kó ìwé jọ fún. Irú yín, ẹ kàn máa wo ilẹ̀ ni, ẹ óò ti mọ èyí tí ó dára." Ẹ gbọ́, mo wo ilẹ̀ náà. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo mi orí bí onímọ̀. Mo sanwó. N kò lọ sí Abẹ́òkúta, nítorí pé bí mo bá lọ, a jẹ́ pé èmi náà di ara àwọn tí kò mọ nǹkan. Nígbà tí mo gbé 200 búlọ́ọ̀kù lọ síbẹ̀ ní ọdún kejì, mo bá ilé kan lórí rẹ̀ tí ó ti dé ojú fèrèsé. Onílé náà ní ìwé. Èmi náà ní ìwé. Ẹni tí ó ṣí fìlà kò sí ládùúgbò mọ́.

Ẹlẹ́tàn kì í wá òmùgọ̀ kiri, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òmùgọ̀ ṣòro ó tàn. Ẹ̀rù máa ń bà á, yóò ní òun fẹ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun ná. Ẹni tí ọgbọ́n ara rẹ̀ dá lójú ni wọ́n ń wá, irú Ìjàpá tí ó gbé akèrègbè ọgbọ́n kọ́ àyà tí kò lè gun igi mọ́.

Yàtọ̀ sí ìyàwó mi, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Igi máńgòrò ni mo ń bẹ̀rù. Ní ọdún 2022, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé wa ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan náà. Mo gbọ́ lẹ́yìn tí ó ti sanwó. Mo bá a kẹ́dùn pẹ̀lú àwọn yòókù, mo pa ẹnu mi mọ́. Àwọn baba wa ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe kọ́ wa, bí a bá dúró létí kòtò tí à ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Yóò jókòó sínú kòtò rẹ̀ jẹ́ẹ́ ni, ẹlòmíràn yóò sì já lé e lórí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, kí CBEX tó wó, Ààrẹ Tinubu ti fọwọ́ sí òfin tuntun kan; ẹ̀wọ̀n ọdún 10 àti ìtanràn mílíọ̀nù 20 náírà wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá dá irú òwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó tan ni ni òfin yẹn ń wá. Ní kóòtù tiwa, ẹni tí a tàn ni a dá lẹ́bi. A kò tilẹ̀ rántí ẹni tí ó tàn án.

Nígbà tí olùkọ́ ìṣirò yìí kò wá sí ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ọ̀gá wa rán mi sí i. Mo wọkọ̀ ní Ibafo dé Berger, mo gba ibẹ̀ dé Ìyànà Ìpájà, mo gba Sángo dé Ifọ̀. Mo bá a nínú yàrá, kò tan iná. Mo ti to ọ̀rọ̀ ìtùnú jọ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mi ni mo bá ara mi tí mò ń rò fún un, láti orí fìlà dé orí búlọ́ọ̀kù.

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ìṣirò sára ògiri?"

Àṣé wọ́n ti sọ fún un. Mo ní èmi ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ìyàwó rẹ̀ tí ó ń jọ gaàrí lẹ́nu ọ̀nà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Owó rẹ̀ ni ó lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó wá ní, "Tíṣà, owó ẹgbẹ́ tí a jẹ ńkọ́, sà?" N kò rí nǹkan sọ. Ọ̀rọ̀ náà di ti ẹgbẹ́ lẹ́yìn náà, wọ́n sì gbà kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ fún ọdún méjì.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Mo fẹ́ fi omi nu ìṣirò mi kúrò lára ògiri kí ó tó dé, ó bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́, ó ní kí n fi í sílẹ̀. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ilé-ìwé wa ń fi nǹkan tuntun kan hàn wá lórí fóònù rẹ̀, tí ó ní èrè rẹ̀ ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò sún mọ́ ọn, ó nawọ́ sí ògiri, ó ní, "Jókòó, àbúrò, kí n sọ ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe ìyẹn." Ó rò ó fún un tán, títí kan iye tí ó jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo ro tèmi náà. Agogo lù kí n tó dé ibi ilé tí ó ti dé ojú fèrèsé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi fóònù sápò. Bóyá ó ti pa nǹkan náà rẹ́ kúrò lórí rẹ̀, n kò lè búra.