Ta ni yóò rántí àwọn ọmọ Yorùbá tó kojú ọmọ ogun Japan nínú igbó Burma?

Bí wọ́n bá dárúkọ Caldwell ní Monrovia, oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990 ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn àgbàlagbà. Ibẹ̀ ni Prince Johnson àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tẹ̀dó sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì gbé Ààrẹ Samuel Doe lọ lẹ́yìn tí wọ́n mú un ní èbúté ìlú náà. Doe kò kúrò níbẹ̀ láàyè. Àwọn ọmọ ogun ECOMOG, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ láàárín wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí Monrovia ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni.

Àmọ́ ogun mìíràn ti so ilẹ̀ etí odò St. Paul yìí pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú ìyẹn, ogun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1944, Liberia kéde ogun lórí Jámánì àti Japan. William Tubman kò tíì lo oṣù kan lórí àga ààrẹ nígbà náà. Kò kó ọmọ ogun lọ sí Éṣíà o; rọ́bà ni Liberia fi jagun. Nígbà tí Japan gba Malaya àti àwọn erékùṣù tó di Indonesia lónìí ní ọdún 1942, ibi tí ọ̀pọ̀ jù lọ rọ́bà àgbáyé ti ń wá ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Oko Firestone ní Harbel, tí kò jìnnà sí Monrovia, wá di ohun tí Amẹ́ríkà kò lè fi ṣeré mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ará Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia fi jagun tiwọn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìkéde Tubman tí ọmọ ogun Japan fi gbéra ní Arakan, ní ìwọ̀ oòrùn Burma. Ha-Go ni wọ́n pe ìkọlù náà. Ẹ̀tàn ló jẹ́: wọ́n fẹ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ ogun wọn wá sí Arakan, kí ọ̀nà lè ṣí sílẹ̀ fún ìkọlù tó tóbi jù, ìyẹn U-Go, tí Ọ̀gágun Mutaguchi fẹ́ fi gba Imphal àti Kohima lọ́wọ́ India. Wọ́n ká àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti India mọ́ ní Sinzweya fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, ebi kò sì lè lé wọn kúrò. Àwọn ọmọ ogun Japan gan-an ni ebi padà dojú kọ. Nígbà tí U-Go fi forí ṣánpọ́n ní oṣù Keje, àwọn tó kú, tó fara gbọgbẹ́ àti tó ṣàìsàn láàárín wọn ti lé ní 50,000.

Ní òdìkejì àwọn òkè Arakan, ní àfonífojì Kaladan, ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀ rárá. Ọwọ́ ni wọ́n fi la ọ̀nà ọkọ̀ jíípù tó gùn tó máìlì 75 gba orí òkè, orí ni wọ́n sì fi ru ẹrù lọ síbi tí ọkọ̀ kò lè dé. Àmì aláǹtakùn ló wà lápá aṣọ wọn, ìyẹn Ananse inú àlọ́ àwọn Akan. Ká ní Yorùbá ló yàn án ni, bóyá Ìjàpá ni à bá rí níbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ni Japan yíjú sí wọn. Òkè tí wọ́n ń pè ní Pagoda Hill bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ẹgbẹ́ 81 sì ní láti padà sẹ́yìn. Àsìkò yẹn ni ìbọn bo ẹ̀ka ìtọ́jú ìṣègùn kan mọ́lẹ̀ létí odò Kaladan. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà láàárín wọn. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942; ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ló dùbúlẹ̀ nínú igbó pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti fọ́ àti ọgbẹ́ ní ikùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni wọ́n ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Shuyiman, àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ní agbègbè náà, ló fún wọn lóúnjẹ, tó sì fi wọ́n pamọ́ sínú ilé ara rẹ̀. Bí àwọn ọmọ ogun Japan bá rí wọn níbẹ̀, gbogbo ìdílé rẹ̀ ni ìbá fara gbá a. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ìparí ọdún 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì padà dé. Fadoyebo dàgbà, ó darúgbó, ó sì kọ ìtàn náà sínú ìwé. Ní 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ Shuyiman. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Fadoyebo kú.

Rohingya ni à ń pe àwọn ènìyàn Shuyiman lónìí. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ọmọ ogun Myanmar, ìyẹn Burma àtijọ́, dáná sun abúlé wọn, ó sì lé èyí tó ju 700,000 lọ nínú wọn sí Bangladesh. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Gambia pe Myanmar lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague. Gambia kékeré yìí, tí àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ náà jà ní Kaladan! Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Canada, Jámánì, Faransé, Britain, Denmark àti Netherlands jọ kọ̀wé pé àwọn fẹ́ dá sí ẹjọ́ náà. Nàìjíríà kò sí lára wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló ní èyí tó ju ìdajì lọ nínú nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó lọ sí Burma. Ìtìjú ni.

Àwọn kan á ní ogun òyìnbó ni, kí ló kàn wá? Ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀. Àwọn agbófinró amúnisìn fipá mú àwọn kan wọṣẹ́ náà, owó tí wọ́n sì ń san fún ọmọ Áfíríkà kò tó ti òyìnbó. Ṣùgbọ́n Shuyiman kì í ṣe òyìnbó. Òun kọ́ ló pe Fadoyebo wá.

Bí a bá wo Èkó àti Ìbàdàn, orúkọ ogun náà kún ibẹ̀: Bárékè Arakan ní Apapa, Myohaung ní Yaba, Letmauk ní Ìbàdàn, àti Dodan ní Ìkòyí, níbi tí àwọn ológun ti ṣèjọba Nàìjíríà títí di 1991. Ọ̀pọ̀ tó ń wọ ọkọ̀ kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ kò mọ̀ pé orúkọ ojú ogun ni wọ́n. Ta ni yóò kọ́ wọn, nígbà tó jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nílé ẹ̀kọ́? Ohun kan náà ti ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó lọ sí Liberia. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mélòó ló lè dárúkọ ọmọ ogun Nàìjíríà kan ṣoṣo tó kú ní Monrovia? Àwọn tó jà níbẹ̀ ṣì wà láàyè, wọ́n ń darúgbó lọ, ó sì yẹ kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ nísinsìnyí.

Ní ti àwọn ti Burma, orúkọ àwọn tí a kò mọ ibojì wọn wà lára òpó ìrántí ní Taukkyan, nítòsí Yangon. Kò farasin: àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ológun Commonwealth gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò lè ná àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní owó rẹpẹtẹ láti wá àwọn ọmọ tiwọn nínú rẹ̀, kí wọ́n tẹ orúkọ wọn jáde, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ààfin àti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní tí wọ́n bá tún ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ ní ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, kí wọ́n ka àwọn orúkọ náà síta, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìlú tí wọ́n ti wá.