Kámẹ́rà Tí Kò Dá Wa Lójú Kò Gbọdọ̀ Bá Wa Dé Kétu

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Ìgbà tí ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ wa bá ku ọ̀la ni a tó máa ń ṣí àpótí tí kámẹ́rà onífíìmù wà nínú rẹ̀. Bí a bá gbé e jáde tí a sì rí i pé ó ń ṣe ségesège, ohùn kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fọ̀: "Ẹ jẹ́ kí a máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀, yóò ṣiṣẹ́ bí a bá débẹ̀." Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà tí ó bá dáṣẹ́ sílẹ̀ kí a tó kúrò nílé ti ṣe wá lóore, àwa ni a kò mọ̀ ọ́n lóore.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Èyí tí ó burú ni kámẹ́rà tí ń díbọ́n. Ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́, yóò máa dún, ẹ ó ka àwòrán mẹ́rìndínlógójì pé, ẹ ó sì máa yọ̀. Fíìmù kì í fi ohun tí ó wà nínú rẹ̀ han ẹnikẹ́ni títí a ó fi fọ̀ ọ́. Ìgbà tí ẹ bá padà délé ni ẹ ó tó rí i pé fíìmù náà mọ́ gaara bí gíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí a fẹ́ gbé e lọ. Kétu kò sí ní ìtòsí wa. Ẹnu ibodè ni a ó sọdá kí a tó bọ́ sí Olómìnira ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a fẹ́ lọ wò, eré tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún ìṣẹ̀dálẹ̀ aráyé ní ọdún 2001. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde láti kọrin, láti súre, láti fi àwọn oníwà ìbàjẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni àwọn oníjó ń gbé igi orí wọn jáde. Ta ni nínú wa ni yóò tọ àwọn àgbà lọ láti ní kí wọ́n tún un jó nítorí pé fíìmù wa kò gba nǹkan kan? Ẹni tí ó kọrin lọ́dún yìí lè má sí láyé mọ́ nígbà tí a bá tún rí owó ọkọ̀.

Kí ni ó ń ba àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí jẹ́? Àwọn kan a ní ọjọ́ ogbó ni. Ìdajì òtítọ́ nìyẹn. Pentax K1000, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1976 títí di 1997, ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé. Àpótí ni ó ń pa tiwa. Kámẹ́rà tí a kò fọwọ́ kàn fún ọdún gbáko, òróró inú rẹ̀ a dì bí àtè. Aṣọ ìkélé inú rẹ̀, tí í ṣí tí í sì padé kí ìmọ́lẹ̀ lè ba fíìmù, a wá máa fà tìkọ̀tìkọ̀. Bátìrì tí a gbàgbé sínú rẹ̀ a sun omi jáde, a sì jẹ irin tí ó bá fara kàn. Fóòmù dúdú tí ó yí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ká, tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yọ́ wọlé, a jẹrà, a sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ọ̀dà. Lásìkò òjò, awò ojú rẹ̀ a bu bí búrẹ́dì tí a gbàgbé sínú ọ̀rá. Síbẹ̀, bí a bá to mẹ́ta sórí tábìlì, èyí tí ara rẹ̀ dá àti èyí tí ó ti kú kò yàtọ̀ síra. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Lẹ́yìn èyí ni a ó wá sáré gbé e tọ ẹni tí ń tún rédíò ṣe lọ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. N kò bú oníṣẹ́ ọwọ́ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́n ju àwa tí a ń kọ oyè sí ara orúkọ wa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fún ní òru kan ṣoṣo, kí ni a fẹ́ kí ó ṣe? Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni yóò kán sí i, kámẹ́rà yóò sì máa dún geere lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ooru inú ọkọ̀ yóò mú òróró náà ṣàn dé ara àwọn abẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí í sọ ojú ihò kámẹ́rà di ńlá tàbí kékeré, wọn yóò sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Àìsàn kan ni a gbé lọ, méjì ni a gbé dé.

Èmi kò sọ pé gbogbo àbùkù ni ó yẹ kí ó dá kámẹ́rà dúró sílé. Ohun tí mò ń bá jà ni àìmọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Iṣẹ́ wo ni bátìrì ń ṣe nínú èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín? Nínú K1000, òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń bọ́. Bí ó bá kú, kámẹ́rà kò kú. Ṣùgbọ́n Canon AE-1, tí òun náà jáde ní 1976, kò lè ya ẹyọ àwòrán kan láìsí bátìrì. Àwọn mìíràn wà, irú bí Olympus OM-1, tí wọ́n ṣe fún bátìrì mẹ́kúrì oní-1.35 fóltì. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi òpin sí títa irú bátìrì bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ní 1996, àwọn ènìyàn sì ń fi oní-1.5 rọ́pò rẹ̀. Òṣùwọ̀n náà a máa tọ́ka, a sì máa purọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó kú, ẹ máa gbé e lọ. Ìlànà àtijọ́ kan wà tí wọ́n máa ń tẹ̀ sínú páálí fíìmù: bí fíìmù bá jẹ́ 100, tí oòrùn sì ràn gan-an, ẹ fi ojú ihò sí 16, kí ẹ fi eré rẹ̀ sí 1/125 ìṣẹ́jú-àáyá, bí ìkúùkù bá bo ojú ọ̀run, ẹ ṣí ihò náà dé 8. Èyí yóò gbà yín là lọ́sàn-án Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kò lè gbà yín là lóru Ẹ̀fẹ̀, nítorí náà ẹ wá òṣùwọ̀n mìíràn lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ fóòmù ni ó jẹrà, tépù dúdú lè bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ aṣọ ìkélé ni, kò sí àrékérekè tí a lè ṣe sí i. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ láìsí fíìmù, ẹ kọ ojú rẹ̀ sí fèrèsé, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní ìdajì rẹ̀, títí dé èyí tí ó yára jù. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá yọ, tàbí tí ó há sí ìdajì ọ̀nà, ẹ fi í sílẹ̀ sílé.

Mo mọ ohun tí àwọn aṣírò-owó yóò sọ. Wọn yóò ní fíìmù ti wọ́n, pé ilé tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ kò pọ̀ mọ́, pé ìnákúnàá ni kí a fi odidi fíìmù kan dán kámẹ́rà wò. Òótọ́ ni pé ó wọ́n. Ẹ wá ro owó ọkọ̀ ogún akẹ́kọ̀ọ́ lálọ àtàbọ̀, ẹ ro ilé sùn, ẹ ro obì àti ọtí tí a ó gbé síwájú àwọn àgbà. Fíìmù kan ṣoṣo kò tó ìdá kan nínú ogún rẹ̀. Wíwọ́n tí fíìmù wọ́n gan-an ni ìdí tí kò fi yẹ kí a fi márùn-ún ṣòfò ní Kétu.

Àwọn ọ̀dọ́ náà yóò ní kí a ju kámẹ́rà nù, kí a fi fóònù yà á. Èmi kò bá fóònù jà. Kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn fóònù tí a fi ya ọdún ìbílẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ó ṣì ń tan? Pierre Verger, Faransé tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu tí ó fi di Fátúmbí, Rolleiflex ni ó fi ṣiṣẹ́. Ó kú ní 1996, ṣùgbọ́n fíìmù rẹ̀ tí ó lé ní 60,000 ṣì wà ní ilé ìpamọ́ tí ó fi lélẹ̀ ní ìlú Salvador ní Bàhíà. Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin ní 1968. Òun náà ti papòdà ní 2014, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń dirun nígbà náà ṣì mọ ibi tí yóò yà sí. Ǹjẹ́ a rò pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ti ọwọ́ ẹni tí ń yẹ kámẹ́rà rẹ̀ wò ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo jáde?

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka wa nìyí. Kí kámẹ́rà máa jáde kúrò nínú àpótí lẹ́ẹ̀kan lóṣooṣù, kí a máa tẹ̀ ẹ́, kí a sì yọ bátìrì rẹ̀ kí a tó dá a padà. Bí ìrìn-àjò bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí a ya fíìmù kan tán, kí a sì fọ̀ ọ́, kí gbogbo kíláàsì rí i. Èyí tí a bá tún ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, kí a tún dán an wò bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Bí àyè kò bá sí mọ́ fún ìdánwò, kí ó dúró sílé, kí á kó ìwé, gègé àti fóònù wa lọ, kí a sì sọ fún àwọn àgbà Kétu kí a tó jókòó pé a kò ní kámẹ́rà lọ́dún yìí.