Ètò Tí Ó Yẹ Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ mu púpọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ohun tí ó bá ti jẹ́ tuntun ni ó dára jù lọ fún gbogbo ẹ̀rọ. Èrò náà kò tọ̀nà.

Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni ètò kan wà tí ń darí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ti ń darí àwọn ọmọ iṣẹ́. Ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni Windows 10, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé jáde ní ọdún 2015. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft kásẹ̀ àtúnṣe tí ó ń ṣe sí i fún gbogbo ènìyàn nílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ń lò ó kò kú ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tí kò sí ẹni tí yóò máa dí àlàfo rẹ̀ mọ́ ni ètò náà dà. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ni alángbá. Àfikún ìgbà díẹ̀ tí Microsoft yọ̀ǹda fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ kò ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé kí a kúkú fi Windows 11 rọ́pò rẹ̀. Ìmọ̀ràn rere ni, bí ẹ̀rọ náà bá lè gbé e. Windows 11 ń béèrè RAM gígábáìtì 4, àyè ìpamọ́ gígábáìtì 64, àti ẹ̀yà kékeré tí ń ṣọ́ àṣírí ẹ̀rọ, tí a ń pè ní TPM 2.0. Púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká tí a ṣe ṣáájú ọdún 2017 ni kò kún ojú òṣùwọ̀n yìí, irú wọn sì wà láàárín àwọn tòkunbọ̀ tí a ń tà ní Ìkẹjà. Àwọn kan a máa fi ọgbọ́n fi í sínú ẹ̀rọ tí kò gbà á, ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ pé òun kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, Linux Mint ni ó yẹ jù. Ọ̀fẹ́ ni. RAM gígábáìtì 2 tó o láti bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4 ni ó rọrùn. Ẹ̀dà rẹ̀ tí ń jẹ́ Xfce ni ó sì fúyẹ́ jù. Ètò ìwé kíkọ àti ti íntánẹ́ẹ̀tì ti wà nínú rẹ̀. A sì lè gbé e sórí fíláàṣì, kí a dán an wò láì fọwọ́ kan ohunkóhun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà.

Lóòótọ́, kò sí ohun tí kò ní àbùkù. Microsoft Office tí a ń fi sórí Windows kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux Mint bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ bá ti ibẹ̀ wá ní láti máa tọ́jú owó de ẹ̀rọ mìíràn. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ ìwé, tí ó sì ń ka ìwé lórí tirẹ̀, kò ní ìdí láti sọ ohun tí àwọn òbí rẹ̀ fi làálàá rà nù. Kí ó kọ́kọ́ da àwọn ìwé rẹ̀ kọ sí ibòmíràn, kí ó wo bí agbára ẹ̀rọ náà ti mọ, lẹ́yìn náà ni kí ó tó yan ètò. Ẹni tí yóò di ẹrù ru ẹlòmíràn ní láti kọ́kọ́ wo ọrùn ẹni náà.