Ta Ló Ń Ka Ìwé Àdéhùn?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ nílùú Paris fàyè gba ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan, Zhongshan Fucheng, láti gbẹ́sẹ̀ lé bàálù mẹ́ta tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà. Kíá ni ariwo sọ. Àwọn kan ní gbèsè Ṣáínà ti dé bá a, àwọn mìíràn ní amúnisìn tuntun ti rọ́pò ti àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ owó tí ilé-iṣẹ́ náà ń béèrè kì í ṣe ẹ̀yáwó rárá. Igbẹsà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ìjà ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ náà já àdéhùn tó wà láàárín òun àti ilé-iṣẹ́ yìí lórí àbójútó ọgbà ìṣòwò ọ̀fẹ́ Ogun-Guangdong. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà fa àdéhùn mìíràn yọ, èyí tí Nàìjíríà àti Ṣáínà fọwọ́ sí ní 2001 láti dáàbò bo àwọn olókòwò wọn. Lábẹ́ rẹ̀, olókòwò lè pe orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ onílàjà. Ní 2021, ìgbìmọ̀ náà dá Nàìjíríà lẹ́bi, ó ní kó san owó tó lé ní $60 mílíọ̀nù, tèlétèlé. Ìpínlẹ̀ ló já àdéhùn, ìjọba àpapọ̀ ni gbèsè bọ́ sí lọ́rùn. Ilé-iṣẹ́ náà tilẹ̀ tú ọ̀kan nínú àwọn bàálù ọ̀hún sílẹ̀ kí Ààrẹ Tinubu lè rí i wọ̀ lọ bá Macron, ojú àánú tó tini lójú ju ìgbẹ́sẹ̀lé gan-an lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá yẹ àdéhùn 2001 wò ní Òkè-Mósàn, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, kí wọ́n tó kọ lẹ́tà ìlélọ, ohun tó tẹ̀lé e kò fi hàn.

Ohun tó gba ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé Ṣáínà ń fi owó dẹ pàkúté fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Ìṣirò kò gbè wọ́n lẹ́yìn, ó kéré tán ní Nàìjíríà. Lópin oṣù kẹta 2020, DMO, àjọ tó ń bójú tó gbèsè, ní ẹ̀yáwó Ṣáínà jẹ́ $3.121 bílíọ̀nù, kò tó 5% gbogbo gbèsè ìjọba. Èlé rẹ̀ jẹ́ 2.5% lọ́dún, ogún ọdún ni wọ́n máa fi san án, ọdún méje àkọ́kọ́ sì jẹ́ ti ìsinmi. Ẹni tó bá ti yáwó lọ́jà Eurobond mọ̀ pé owó pọ́ọ́kú nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọwọ́ bọ̀wé fún Nàìjíríà ni àbùkù wà. Ní 2020 kan náà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin figbe ta nígbà tí wọ́n rí gbólóhùn kan nínú ìwé ẹ̀yáwó $400 mílíọ̀nù tí ìjọba gbà lọ́wọ́ Ṣáínà fún ètò ayélujára. Gbólóhùn náà ní bí ìjà bá dé, Nàìjíríà kò ní lè fi ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè olómìnira sá fún ẹjọ́. Rotimi Amaechi, mínísítà ètò ìrìnnà nígbà náà, dáhùn pé ẹni tó yáni lówó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gba owó rẹ̀. Kò parọ́, irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kún inú ìwé ẹ̀yáwó káàkiri ayé. Ohun tó burú ni pé 2018 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ọdún méjì gbáko lẹ́yìn náà ni àwọn aṣòfin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó kà á.

Wọ́n á ní kí ni ẹni tó ń tọrọ lè sọ lójú ẹni tó lówó lọ́wọ́. Kóńgò sọ ọ́. Lábẹ́ àdéhùn Sicomines ti 2008, àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà yóò máa wa bàbà àti kóbáltì, wọn yóò sì fi $3 bílíọ̀nù ṣe títì àti àwọn ohun amáyédẹrùn mìíràn. Ní 2023, àwọn ayẹ̀wéwò owó ìjọba ní Kinshasa tú ìwé náà palẹ̀, wọ́n sì kéde pé èrè ibẹ̀ kò kárí. Ilé-iṣẹ́ aṣojú Ṣáínà bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Nígbà tó fi máa di 2024, wọ́n ti tún àdéhùn ṣe, owó ọ̀hún sì gòkè dé $7 bílíọ̀nù. Ṣáínà kan náà ni, kóbáltì kan náà ni.

Kì í sì í ṣe Ṣáínà nìkan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kajú tí àwọn àgbẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń kó jọ, títí kan ti agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, tèèpo tèèpo ló ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà àti Vietnam. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, ibẹ̀ sì ni èrè ń dúró sí. Pípa kajú kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ: òróró inú èèpo rẹ̀ a máa bó èèyàn lọ́wọ́, ọmọ inú rẹ̀ tó bá sì fọ́, owó rẹ̀ ti já wálẹ̀. Láti oṣù kẹrin 2024, Cotonou fòfin de gbígbé èyí tí wọn ò tíì pa jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Glo-Djigbé, ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà ní Bẹ̀nẹ̀. Òfin náà ní ìnira tirẹ̀, torí àgbẹ̀ tó ní oníbàárà díẹ̀ kì í rí owó gidi gbà, ó sì yẹ kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ro ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n tó jókòó.

Ní oṣù kẹfà 2025, Ṣáínà kéde pé òun ṣe tán láti mú owó ibodè kúrò lórí ọjà orílẹ̀-èdè 53 ní Áfíríkà. Ohun rere ni, àmọ́ owó ibodè nìkan kọ́ ló ń dá irè oko dúró ní èbúté. Ìwé ìlera ọ̀gbìn wà níbẹ̀: kòkòrò wo ni kò gbọ́dọ̀ bá a wọlé, báwo ni wọ́n ṣe máa dì í, inú oko wo ló ti wá. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó Bẹ̀nẹ̀ rí ọ̀nà wọ Ṣáínà nítorí pé ìjọba méjèèjì fẹnu kò lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní 2023. Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ NAQS nìyẹn, àjọ tó ń yẹ irè oko wò kó tó lọ sókè òkun, ètò ìsúná àjọ náà ló sì yẹ kí àwọn aṣòfin Abuja kọ́kọ́ ṣí kà lọ́tẹ̀ yìí, kí àwọn ará Beijing tó gbé ìwé tiwọn dé.