Ojú Àwo ni Àwo Fi Ń Gbọbẹ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Ìdúró Sípíkà nínú Ilé

Bí ènìyàn bá wọ pálọ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́lá ìlú wa lónìí, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Abẹ́òkúta, kò ní ṣàìrí sípíkà méjì tí a fi owó gọbọi rà, ṣùgbọ́n tí a ti ọ̀kan bọ igun ilé lẹ́yìn àga, tí a sì gbé èkejì ka orí kọ́bọ́ọ̀dù nítòsí àjà, àfi bí ẹni pé nítorí kí àlejò lè kà wọ́n mọ́ ẹrù onílé nìkan ni a ṣe rà wọ́n. Èrò tèmi ni pé òfò ni ọ̀pọ̀ owó tí à ń ná sórí ẹ̀rọ orin, nígbà tí ohun tí ì bá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe kò gbà ju kí a dìde, kí a ká apá aṣọ sókè, kí a sì gbé sípíkà kúrò níbi tí kò yẹ ẹ́ lọ síbi tí ó yẹ ẹ́. Àwọn àgbà ní ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé kan náà ni ó yẹ kí a wò kí a tó ra ẹ̀rọ tí yóò máa kọrin nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé orin wa kì í ṣe ariwo tí a fi ń jó lásán, ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí ọmọ Àyàn Àgalú bá gbé ìyá ìlù kọ́ èjìká, tí ó ń fi í ki ọba, tí ó ń fi í pa òwe, tí ó sì ń fi í bú ahun tí kò náwó, òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn nìkan ni ó fi ń sọ gbogbo ohun tí ó ń sọ, nítorí pé ìlù kò ní ètè, kò sì ní ahọ́n. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá wá pọ̀ lápọ̀jù nínú ilé, tí ó ń kù rìrì láti igun ògiri, yóò bo ohùn ìlù náà mọ́lẹ̀, oríkì yóò di gbì-gbì-gbì, ẹni tí wọ́n ń kì yóò sì jókòó láìmọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tí ó gbọ́ àpàlà Haruna Ishola láìgbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí ni a fẹ́ sọ pé ó gbọ́?

Kí a tó lè mọ ìdí tí ìdúró sípíkà fi ṣe pàtàkì, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí ó fi jẹ́ méjì. Ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Alan Blumlein, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ EMI, ni ó kọ ìwé sí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1931, kí wọ́n lè fọwọ́ sí i pé òun ni ó ni ọgbọ́n gbígba ohùn sílẹ̀ ní ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sítẹ́rìò lónìí. Ikú kò jẹ́ kí ó jèrè ọgbọ́n rẹ̀: bàálù tí ó wà nínú rẹ̀ já ní 1942, nígbà ogun Hitler, ó sì di 1958 kí àwo orin sítẹ́rìò tó wọ ọjà kárí. Ohun tí ó yé ọkùnrin yìí ni pé etí méjì tí Elédùmarè fi jíǹkí wa kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́. Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá ti apá ọ̀tún wá, etí ọ̀tún ni yóò kọ́kọ́ kàn, yóò sì dé etí òsì lẹ́yìn àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, síbẹ̀ ọpọlọ a mọ ìyàtọ̀ náà, a sì fi mọ ọ̀gangan ibi tí olóhùn dúró sí.

Báyìí ni sípíkà méjì tí ó dúró dáadáa ṣe ń fi ẹ̀tàn rere tan etí, tí a ó máa gbọ́ gìtá lápá òsì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún, tí olórin fúnra rẹ̀ yóò sì dúró gbagidi láàárín, níbi tí kò sí sípíkà kankan. Nígbà tí Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ àwo orin Island ní 1982, tí òkìkí jùjú kàn dé òkè òkun, ẹgbẹ́ tí gìtá pọ̀ nínú rẹ̀ bí igbó ni ó kó lẹ́yìn, tí Demola Adepoju ń fa gìtá onírin láàárín wọn, tí ìlù sì ń dá gbogbo wọn lóhùn. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò lè hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ilé tí sípíkà kan ti sún mọ́ ni ju èkejì lọ, tàbí tí ọ̀kan wà lókè tí èkejì wà nílẹ̀. Ṣe ni gbogbo ẹgbẹ́ olórin yóò wọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìlànà rẹ̀ kò le. Kí àyè tí ó wà láàárín sípíkà méjèèjì bá èyí tí ó wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn àti àga olùgbọ́ dọ́gba: bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ bàtà 7 jìnnà síra, kí àga náà fi ẹsẹ̀ bàtà 7 jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Okùn lásán tó láti wọ̀n ọ́n. Kí ẹnu kékeré tí ohùn tín-ín-rín ń gbà jáde ṣe déédéé etí ẹni tí ó jókòó, nítorí pé ohùn tín-ín-rín a máa rìn gbọnrangandan, kì í tàn ká ilé bí ohùn ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí sípíkà orí kọ́bọ́ọ̀dù fi ń kọrin fún àjà, tí ti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sì ń kọrin fún orúnkún. Ojú àwo ni àwo fi ń gbọbẹ̀. Nítorí náà kí a yí ojú àwọn méjèèjì díẹ̀ sọ́dọ̀ olùgbọ́. Lẹ́yìn èyí, kí a ṣí rédíò, kí a jókòó, kí a dijú, kí a sì tẹ́tí sí ẹni tí ń ka ìròyìn. Bí ohùn rẹ̀ bá ti àárín gan-an wá, iṣẹ́ ti parí; bí ó bá tẹ̀ sápá kan, kí a tún un wọ̀n; bí àárín bá ṣófo, wọ́n jìnnà síra jù.

Ògiri létí, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń wí, ṣùgbọ́n ògiri lẹ́nu pẹ̀lú: ohun tí a bá sọ sí i ni yóò sọ padà. Ilé búlọ́ọ̀kù tí a tẹ́ táìlì sí, tí gíláàsì sì wà lójú fèrèsé rẹ̀, ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ ni. Àtẹ́wọ́ kan ṣoṣo tó láti gbọ́ bí ohùn ṣe ń ta padà gbàn-ìn. Rọ́ọ̀gì níwájú sípíkà, aṣọ fèrèsé tí ó nípọn, àga onítìmùtìmù àti àpótí ìwé ni wọ́n ń pa á lẹ́nu mọ́. Ní ti igun ilé, ògiri méjì àti ilẹ̀ ni wọ́n parapọ̀ níbẹ̀ láti wú ohùn ìsàlẹ̀, nítorí náà kí sípíkà fi ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta kúrò lára ògiri bí àyè bá gbà á. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú, 12 lóròó, tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa, ni ó ń yọni lẹ́nu jù: ohùn tí ó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 47 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 24, ìlọ́po méjì yàrá náà gẹ́lẹ́, ìbú ń wú u, òòró náà sì ń wú u. Lẹ́bàá ògiri ni ohùn yìí ti ń pọ̀ jù, ní àárín gbùngbùn yàrá ni ó sì ti ń pòórá; nítorí náà kí àga olùgbọ́ má ṣe fẹ̀yìn ti ògiri, kí ó má sì ṣe wà láàárín gbùngbùn.

Mo mọ ohun tí ìyàwó ilé yóò wí: pé pálọ̀ kì í ṣe ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì, pé àlejò gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà kọjá, pé ọmọdé yóò ti sípíkà ṣubú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀. Yàrá kékeré kò bèèrè sípíkà gàgàrà, èyí tí kò tóbi lórí àpótí yóò tó o, a lè fà á síwájú nígbà tí a bá fẹ́ gbọ́ orin, kí a sì tì í padà nígbà tí a bá parí. Ọjọ́ ayẹyẹ sì ní òfin tirẹ̀, nítorí pé nígbà náà kò sí ẹni tí yóò jókòó sójú kan.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti aládùúgbò. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń yí ohùn ẹ̀rọ sókè lóru kì í ṣe ìkà. Ọ̀rọ̀ orin ni kò yé e, ó sì rò pé ariwo ni yóò là á yé òun, bẹ́ẹ̀ bí ó ti ń yí i sókè ni igun ilé ń bá a yí gbì-gbì náà sókè. Ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ní ń ya. Sípíkà tí ó dúró síbi tí ó yẹ kò nílò ariwo kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ọmọ ìyá wa tó ń sùn lẹ́yìn ògiri yóò sì rí oorun sùn.

Nítorí náà, kí a tó tún kó owó lọ sí ọjà Alábà fún èyí tí ó tóbi ju ti àná lọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi okùn wọn ilé wa. Ọlọ́jà tí kò bá sì bi wá bí yàrá wa ti fẹ̀ tó kí ó tó gbowó lọ́wọ́ wa, kí a mọ̀ pé ẹrù ni ó ń tà fún wa, kì í ṣe orin.