Lẹ́yìn Àríyànjiyàn Àwọn Olùdíje

Bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́ tòsí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àríyànjiyàn àwọn tí ń du ipò gómìnà a máa di ohun tí tọmọdé tàgbà ń tẹ́tí sí lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń wò lórí fóònù. Ní Ayétẹ̀, bí wọ́n bá ti kírun Iṣái tán, ọ̀rọ̀ náà ni yóò gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ kan níwájú mọ́ṣáláṣí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe nípa ohun tí olùdíje wí, bí kò ṣe bí ó ti wí i. Wọn a ní lágbájá mọ òwe, tàmẹ̀dò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, làkásègbè fi ọ̀rọ̀ gún ẹnìkejì rẹ̀ lójú. Wọn a pariwo bí ẹni tí ó wo ìjàkadì. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi wọ́n pé èló ni lágbájá yóò fi ṣe ọ̀nà tí ó ṣèlérí, àti pé níbo ni yóò ti rí owó náà, gbogbo wọn yóò dákẹ́.

Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ìlú yìí. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo, iṣu àti ẹ̀gúsí ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ. Bí oníṣòwò bá gbé ọkọ̀ wá láti Ìbàdàn tàbí Èkó, yóò kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ọ̀nà burúkú yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tó dá iye lé ọjà. Láti ara owó àgbẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́. Ìyá tí ń yan gààrí kò rí ẹni tí òun náà yóò yọ tirẹ̀ lára rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ààbò. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti kọlu Ìgàngán ní òru ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sì jó ilé, kò sí ará Ìbàràpá tí ó yẹ kí ó fi ìlérí ààbò ṣe àwàdà.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ó yé àwọn ọ̀dọ́ yékéyéké ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ gómìnà àti ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ni ó ni ọlọ́pàá àti ológun. Olùdíje tí ó bá ní òun yóò kó ṣọ́jà sí oko gbogbo ń ṣèlérí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2020, ni ti ìpínlẹ̀. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: mélòó nínú wọn ni yóò wà ní Ìbàràpá Àríwá, kí ni wọn yóò sì máa gùn? Ìlérí tí ó ní iye nínú ṣeé wọ̀n. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 65, tí ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé tún ṣe ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tí ó bá gùn ún ni yóò sọ bí ó ti rí, kò nílò agbẹnusọ. Àwọn àgbà Ìdèrè pẹ̀lú kò gbàgbé sòbìà. Omi mímọ́, aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, àti àwọn tí ń lọ láti agbolé dé agbolé ni ó lé àrùn náà lọ, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ọdún 2013 pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ohun mìíràn tí ó burú ni ìjà. Nígbà ìdìbò ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2019, àwọn ọmọ bàbá kan náà wà tí wọn kò kí ara wọn mọ́ nítorí olùdíje. Kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, Alao-Akala ti lọ dara pọ̀ mọ́ Adébáyọ̀ Adélabú, Sharafadeen Alli àti Fẹ́mi Lánlẹ́hìn sì ti wà lẹ́yìn Mákindé, ẹni tí ó wọlé pẹ̀lú ìbò 515,621 sí 357,982 tí Adélabú ní. Nígbà tí ó di ọdún 2023, Adélabú díje lábẹ́ Accord, Alli di sẹ́nétọ̀ lábẹ́ APC, kí ọdún náà sì tó parí, Adélabú ti di mínísítà nínú ìjọba APC. Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn: bí òṣèlú ti rí nìyẹn, òfin kò sì kọ̀ ọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ọ̀dọ́ tí ó kọ sálámà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ìjà tí àwọn tí ó ni ín ti parí tipẹ́.

Èyí tí ó wá jọni lójú jù lọ ni pé Ayétẹ̀ gan-an ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìbàràpá Àríwá. Ẹsẹ̀ lásán ni ènìyàn lè fi rìn dé sẹkitéríàtì. Ọjà, ọ̀nà oko àti ilé ìwòsàn kékeré wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ rẹ̀ tààrà. Wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ọdún 2021, wọ́n tún dì í ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Nínú àwọn tí ń jiyàn lórí gómìnà títí di òru, ta ni ó bi àwọn tí ń du ipò alága léèrè ohunkóhun?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn tó dé, ẹ pe gbogbo àwọn olùdíje jọ sí gbọ̀ngàn kan, ti ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kí wọ́n jẹ́, kí ẹ sì pe Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe láti wá gbọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n ní èdè Yorùbá: ọ̀nà oko wo ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe, èló ni yóò ná yín, oṣù wo ni yóò parí? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí olúkúlùkù fọwọ́ sí tirẹ̀, kí ẹ sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ara ògiri ní ọjà.