Ojúṣe Kì Í Ṣe Ìtọrẹ-Àánú

Ìlú Kumasi kì í ṣe ìlú àjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìlọrin àti ará Ṣakí ti ná ọjà ibẹ̀, wọ́n ti kọ́lé, wọ́n sì ti bímọ níbẹ̀, kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Gánà. Owó tí ń yí ká nínú ọjà náà láyé ìgbà náà, láti inú oko kòkó ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Bí kòkó bá tà, aṣọ a tà, abọ́ a tà. Bí kòkó kò bá tà, oníṣòwò Yorùbá àti àgbẹ̀ Àṣàńtì a jọ káwọ́ lérí ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a ka ọ̀rọ̀ kòkó Kumasi sí ọ̀rọ̀ ilé onílé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó gba ẹnu gbogbo ayé lónìí, pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń ra kòkó, tí wọ́n ń fi í ṣe ṣokoléètì ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, ní ojúṣe sí igbó tí a ń pa gbin kòkó, sí àwọn ọmọdé tí ń ṣiṣẹ́ nínú oko, àti sí ọjọ́ ọ̀la iṣẹ́ kòkó fúnra rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò jiyàn. Ọdọọdún ni wọ́n ń tẹ ìwé aláràbarà jáde láti fi iṣẹ́ rere wọn hàn. Wọ́n ń pín igi fún gbígbìn, wọ́n ń kọ́ ilé-ìwé, wọ́n ń gbẹ́ kànga. Ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga fún abúlé, ọpẹ́ ni a ó dá. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ wí ni èyí: ojúṣe kì í ṣe ìtọrẹ-àánú. Ẹni tí ń tọrẹ ni ó ń yan iye tí yóò mú jáde àti ọjọ́ tí yóò mú un wá. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Gbèsè ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí jẹ, iye owó tí wọ́n fi ń ra kòkó sì ni ibi tí ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà láti ìsàlẹ̀. Kí ni ó ń gbé àgbẹ̀ wọ inú igbó ìjọba? Igi kòkó rẹ̀ ti gbó, ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá, àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú, tí a ti kọ́kọ́ rí ní Gánà láti ọdún 1936, sì ti wọ oko rẹ̀. Oògùn àrùn náà kò sí ju pé kí a gé igi náà lulẹ̀ kí a sì gbin òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gé igi rẹ̀ yóò dúró ní ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òmíràn tó so. Kí ni aya àti ọmọ yóò máa jẹ? Bí kò bá ní owó ìpamọ́, yóò pa igbó titun, nítorí ilẹ̀ igbó titun lọ́ràá. Bí kò bá ní owó lébìrà, yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ sí oko ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ọmọ náà wà ní ilé-ìwé. Bí ìyà náà bá sì pọ̀ jù, yóò ta ilẹ̀ náà fún àwọn awagóòlù tí wọ́n ń pè ní galamsey, tí wọn yóò sì sọ oko di kòtò. Nínú owó tí olùjẹ ṣokoléètì ń san nílẹ̀ òyìnbó, bí a bá pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, èyí tí ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ kì í sábà tó mẹ́wàá. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ó ń pín ọmọ igi fún àgbẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí a dárúkọ owó kòkó, làpálàpá ni ó ń pa.

Ẹ wo bí ìlérí ti ń lọ láti ọdún yìí wá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn olórí ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì fọwọ́ sí ìwé kan ní Amẹ́ríkà pé àwọn yóò mú èyí tí ó burú jù nínú iṣẹ́ ọmọdé kúrò nínú oko kòkó kí ó tó di ọdún 2005. Ọdún 2005 dé, wọ́n sún un sí 2008. Ọdún 2008 kọjá, wọ́n tún sún un sí 2020, wọ́n sì dín ìlérí náà kù sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ọdún 2020 pé, ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà sanwó rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọdé tí ń bẹ nínú irú iṣẹ́ tí kò yẹ ọmọdé nínú oko kòkó Gánà àti Ivory Coast tó 1,560,000. Ní ọdún 2017 ẹ̀wẹ̀, ìjọba ilẹ̀ méjèèjì àti àwọn ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí àdéhùn pé a kò ní pa igbó mọ́ nítorí kòkó. Ìlérí kò ṣòro láti kọ sínú ìwé. Èyí tí ó ṣòro ni kí ẹnì kan wà tí ó lè pe ẹni tí ó ṣèlérí jáde pé, “Ọjọ́ pé, ìwọ dà?”

Ìjọba Gánà àti ti Ivory Coast gbìyànjú láti pè wọ́n jáde. Láti ìgbà kòkó ọdún 2020, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tí ń ra kòkó máa fi 400 dọ́là lé orí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan kí àgbẹ̀ lè rí oúnjẹ jẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní ó dára. Kò tó oṣù díẹ̀, ìjọba méjèèjì fẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ Hershey ti Amẹ́ríkà pé ó gba ọjà New York lọ ra kòkó kí ó má baà san owó náà. Ilé-iṣẹ́ náà ní òun kò yẹ àdéhùn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí àwọn ìjọba náà ṣe: wọ́n ní kí Hershey dá àwọn ètò tí ó fi ń polówó iṣẹ́ rere rẹ̀ nínú oko dúró, títí ọ̀rọ̀ náà fi yanjú. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé orúkọ rere lójú àwọn oníbàárà ṣe iyebíye fún ilé-iṣẹ́, àti pé ẹni tí ó ni oko lè fi ọwọ́ lé e.

A kò ní jẹ́ olóòótọ́ bí a bá di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ní ìlú Tepa nílẹ̀ Àṣàńtì, Ààrẹ Akufo-Addo kéde pé 20,943 sídì ni a ó máa san lórí tọ́ọ̀nù kan. Kí ó tó di oṣù kẹrin ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kan ti ju 10,000 dọ́là lọ ní ọjà ayé. 33,120 sídì tí wọ́n wá gbé e sí kò sì tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé Cocobod, àjọ ìjọba tí ń ta kòkó Gánà, ti ta púpọ̀ nínú èso ọdún náà sílẹ̀ kí owó tó gòkè. Kí ni àwọn kan ṣe? Wọ́n ń gbé kòkó gba ẹnu ibodè kọjá lóru. Àwa tí a mọ ohun tí ó mú Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní ọdún 1968 kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa bí inú àgbẹ̀ ti ń rí nígbà tí ìjọba tirẹ̀ bá jókòó lé owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ìjọba kò pa gbèsè ilé-iṣẹ́ rẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún tí kòkó wà ní 2,000 dọ́là sí 3,000, ta ni ó ń jẹ èrè rẹ̀?

Àwọn àgbẹ̀ Àṣàńtì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dáhùn ìbéèrè yìí. Ní ọdún 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ńláńlá, tí UAC àti Cadbury wà nínú wọn, fi ohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní máa fi owó dije mọ́ láti ra kòkó. Àdéhùn wọn kan Nàìjíríà pẹ̀lú. Àgbẹ̀ Gold Coast àti ti Àṣàńtì kò wí púpọ̀. Wọ́n kó kòkó wọn sílé, wọn kò tà á, wọn kò sì ra ọjà ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó mọ́, àwọn ọba àti ìjòyè wọn sì dúró tì wọ́n títí di oṣù kẹrin ọdún 1938. Ìlú London rán ìgbìmọ̀ tí Nowell jẹ́ alága rẹ̀ wá, ìgbìmọ̀ náà sì dá àdéhùn àwọn ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi.

Ní ọdún 1993, nígbà tí ìjọba gba àwọn mìíràn láàyè láti máa ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, Kumasi náà ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Kuapa Kokoo gbé ibùjókòó rẹ̀ kalẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni àgbẹ̀ kòkó rere. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní abúlé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yan ẹni tí yóò máa wọn kòkó wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi òṣùwọ̀n rẹ́ wọn jẹ. Ní ọdún 1998 wọ́n ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì kan ní ìlú London, tí a mọ̀ sí Divine. Ìpín náà di 45 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 2006. Ìpín wọn ti dín kù láti ọdún 2020 tí ilé-iṣẹ́ Jámánì kan ra èyí tí ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ti rí, ojú ti rí i: àgbẹ̀ lè jókòó nídìí tábìlì tí a ti ń pín èrè kòkó.

Ìjà tí ó kàn wá yìí gan-an ni ti òfin tí Àpapọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní ọdún 2023. Òfin náà wí pé kòkó tí a bá gbìn sí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn, ilé-iṣẹ́ sì gbọdọ̀ lè fi ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà gan-an hàn. Wọ́n ti sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n yóò dé. Òfin rere ni bí a bá fi òótọ́ lò ó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó wíwọn ilẹ̀ náà? Ta ni yóò tọ́jú àwòrán rẹ̀ sọ́wọ́? Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tí ń ra kòkó nìkan ni ó wà, àgbẹ̀ ti di ẹrú rẹ̀ nìyẹn, nítorí kò ní lè tà fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni àwa ń béèrè. Kí iye owó tí yóò tó àgbẹ̀ jẹ wà nínú ìwé àdéhùn ríra kòkó, kì í ṣe nínú ìwé ìpolówó. Kí ilé-iṣẹ́ san owó wíwọn oko, kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sì ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ẹni tí yóò wádìí bóyá a mú ìlérí ṣẹ má ṣe jẹ́ ẹni tí ilé-iṣẹ́ ń san owó oṣù fún.

Ẹ̀yin ará wa ní Oǹdó, ní Ọ̀ṣun, ní Èkìtì àti létí igbó Ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ti Kumasi lọ. Láti ọdún 1986 tí ìjọba Nàìjíríà ti pa Board rẹ̀ rẹ́, kò sí ẹni tí ó dúró láàárín yín àti ọjà ayé. Nígbà tí owó gòkè ní 2024 ẹ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó bá wálẹ̀, ta ni ẹ ó ké pè? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ padà sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn baba yín fi sílẹ̀, kí ẹ wọn oko yín fúnra yín, kí ẹ sì fi ohùn kan bá ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Olówó kì í rántí gbèsè tí ó jẹ, àfi bí ẹni tí ó jẹ ẹ́ bá dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.